Ohùn Ẹ̀gbọ́n Lọ́wọ́ Ọ̀gá Onísùúrù

Ìkìlọ̀ náà pẹ́ ní ọjọ́ kan. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. "Má fi ohùn ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Onísùúrù o! Ó ń fi halẹ̀ mọ́ wọn." Akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ Aránṣọ ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọ̀gá Onísùúrù, ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ran àwọn tí ọtí tàbí oògùn ti di bárakú fún lọ́wọ́, ní ọ̀nà tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀: bi í léèrè, gbọ́ ọ, má bá a jiyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba ìjíròrò kan sílẹ̀, yóò fi nọ́ńbà ẹni náà sí i, kí Ọ̀gá lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, awakọ̀ ilé-ìwé, ni Aránṣọ bá sọ̀rọ̀ nípa ọtí tó ń mu. Àná ló fi ohùn náà ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n já wọlé.

"Ta lo sọ fún pé mo mutí wa ọmọ ọlọ́mọ? Ẹnìkan pè mí. Ó ní tí n kò bá sanwó, ọ̀gá mi máa gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Aṣọ ò tó ẹ rán, orí èèyàn lo tún fẹ́ máa rán!"

Aránṣọ gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin kan jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sunkún irọ́ pé nọ́ọ̀sì lòun, pé òun ń jí oògùn ìrora mu níbi iṣẹ́. Aránṣọ gbà á sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá pẹ̀lú nọ́ńbà obìnrin náà. Kò pẹ́, fóònù obìnrin náà dún.

"Nọ́ọ̀sì olè! Mi ò fẹ́ owó. Kó oògùn yẹn wá sẹ́yìn ilé-ìkàwé."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti Aránṣọ wo ara wọn. Oògùn kẹ̀?

Lẹ́yìn ilé-ìkàwé, ọkùnrin tín-ín-rín kan yọ. Ó tajú kán rí bàtà ọlọ́pàá tó sá pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kan, ló bá ki eré mọ́lẹ̀. Ó ti gun ògiri dé ìdajì kí wọ́n tó fà á lẹ́sẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ ìtọ́jú yìí?" Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi Ọ̀gá Onísùúrù.

"Kò sẹ́nì kankan. Èmi gan-an ni àwọn olùtọ́jú ń tọ́jú tẹ́lẹ̀. Mo há ọ̀rọ̀ wọn sórí. Oògùn ni mi ò lè fi sílẹ̀."

Ọlọ́pàá gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohùn inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Síbẹ̀, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì ní kó kúrò nídìí ọkọ̀ ná. Ó padà wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ.

"Ó dáa, bi mí léèrè. Ṣebí ibi tá a dé níjọ́sí nìyí?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo máa kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ olùkọ́ gidi, àmọ́ ẹ̀yin kọ́ ni mo máa fi kọ́ ọ. Ẹlòmíràn ni yóò máa tọ́jú yín. Àbúrò yín lèmi."