Orin Tí Ọ̀jẹ̀túndé Jí Lábẹ́ Fèrèsé

Kì í ṣe ojú ni mo kọ́kọ́ fi rí Ọ̀jẹ̀túndé. Etí ni.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ mi sì kọ̀, ó ní òun ò ní jí. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì mi wà ní Òrò, lójú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá tẹ̀wé sì ti bínú lọ tán. Mo jókòó, mo ń fi páálí fẹ́ ara mi, mo ń ṣẹ́ èpè fún jẹnẹrétọ̀. Ni mo bá gbọ́ sàsófóònù.

Ohùn rẹ̀ nípọn, ó ń falẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan kan tó sì ń tijú. Orí mi wú. Mo jáde láti wo ẹni tó gbé irú nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi.

Kò sí sàsófóònù kankan. Ọkùnrin gíga kan ló jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni mo wí. "Ṣé eyín ni?"

Ó yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó bú sẹ́rìn-ín. Irin pẹlẹbẹ kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gùn ju òòyà lọ, ihò wẹ́wẹ́ sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Hàmóníkà ni, Àǹtí. Ẹ má bínú. Mò ń dúró kí iná dé ni, ìwé ẹ̀rí mi ni mo fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀."

"Irọ́ lẹ ń pa. Sàsófóònù ni mo gbọ́."

"Ó dáa, ẹ tún un gbọ́."

Ó gbé e sẹ́nu. Mo dúró, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣí tó sì ń pa dé. Sàsófóònù náà ni! Nígbà tí iná dé, mi ò mọ̀. Òun ló ní, "Àǹtí, iná ti dé o." Ojú tì mí débi pé ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ló ní òun fẹ́. Ara ìwé náà ni mo ti ka orúkọ rẹ̀, tí mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ títún fíríìjì ṣe ló ń ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún gbé ìwé kan náà wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé kan náà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo bi í bóyá ó fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí yẹn lẹ ògiri ilé ni.

"Ẹni tó ń bá mi ṣe é ni mò ń wá wò," ó ní.

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, inú mi sì dùn títí mo fi délé.

Nígbà tó yá, ó ní òun á kọ́ mi ní hàmóníkà. Mo gbé e sẹ́nu, mo fẹ́ fọn ọ́n. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Gbogbo ènìyàn ló rò pé fífọn ni. Bí o bá fọn ọ́n, orin ọmọdé ló máa jáde. Orin búlúùsì, fífà là ń fà á. Fà á sínú, bí ẹni tó ń fa ẹ̀kọ gbígbóná tí kò fẹ́ kó jó òun lẹ́nu. Kó o wá jẹ́ kó wọlé dé ọ̀fun."

Mo fà á. Ó ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ọ̀jẹ̀túndé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ búlúùsì?" mo bi í, inú ń bí mi díẹ̀.

"Orin àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà ni. Ohun tó ń dùn wọ́n ni wọ́n fi ń kọ, bí wọ́n bá sì kọ ọ́ tán, ara á fúyẹ́."

Ara tèmi kò fúyẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ti kó sínú ìfẹ́ rẹ̀. Kí ọdún tó yí, ó dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Fẹ́yìsayọ̀, àyànfẹ́ mi, mú mi lọ rí bàbá." Mo ní ó dáa. Ẹ̀rù sì bà mí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo jẹ́ fún bàbá mi. Alàgbà Barnabas ni wọ́n ń pè é ní Ọ̀mù-Àrán, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Rúùtù ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Òwu-Ìsin fún ọdún kan, nígbà tí mo sì padà, bàbá mi kì í dárúkọ ìyá mi mọ́. Àǹtí Ọláwùnmí, àbúrò bàbá mi, ló tọ́ mi dàgbà. Ohun tí àǹtí mi bá wí nílé wa, abẹ gé e.

Ọ̀jẹ̀túndé wọ aṣọ funfun wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Inú bàbá mi dùn sí ìdọ̀bálẹ̀ náà, mo rí i. Ó bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó dáhùn. Ó wá bi í léèrè ilé, torí mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọmọ Èsìé ni.

"Ọmọ ilé wo ni ọ́ ní Èsìé?"

"Ilé Ọlọ́jẹ̀ ni, sà."

Bàbá mi gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé eégún?"

"Àwa náà ni, sà. Èmi gan-an máa ń bá wọn ṣe é lọ́dọọdún."

Àǹtí Ọláwùnmí, tó ń gbé mínírà bọ̀ fún àlejò, dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ Rúùtù? Kó máa sá fún ọkọ ara rẹ̀ lójú títì lọ́jọ́ ọdún?" Ó yí padà, ó gbé mínírà náà wọlé.

Mò ń retí kí Ọ̀jẹ̀túndé sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo bàbá mi, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tó rí ẹni tó ti sọ nù.

"Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni ọ́," ni bàbá mi wí. "Mi ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ni mo ní, mi ò sì lè fi fún ilé Ọlọ́jẹ̀. Máa lọ sílé ní àlàáfíà."

Mo sá tẹ̀lé e dé ìdí alùpùpù rẹ̀. Inú ń bí mi bí ẹni tí wọ́n da ata sí lójú.

"Ẹnu tó ń fa irin látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò lè sọ gbólóhùn kan níwájú bàbá mi? Ṣé bó o ṣe fẹ́ràn mi mọ nìyẹn?"

"Fẹ́yì, fara balẹ̀. Ṣé bàbá rẹ ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí ní Èsìé?"

"Ó ṣe é. Ibẹ̀ ni ìyá mi kú sí. Kí ni ìyẹn ti jẹ́ báyìí?"

Ó jókòó sórí òkúta ẹ̀bá ọ̀nà. "Òun ni ọ̀gá mi."

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ọkùnrin kan máa ń dá dúró sínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn tí gbogbo ìjọ bá ti lọ sílé. Á gbé sàsófóònù ìjọ, á máa fọn orin kan tí kì í ṣe orin ìsìn. Ọ̀jẹ̀túndé kò lè wọlé, torí kí ọmọ ilé eégún tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ á ti gbọ́. Abẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí. Nígbà tí kò rí sàsófóònù fọwọ́ kàn, ó lọ ra hàmóníkà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọjà tòkunbọ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ó sì ń fà á títí ohùn kan náà fi jáde. Ọdún kan ni wọ́n jọ ṣe é báyìí, ẹnìkan nínú ilé, ẹnìkan níta, kí wọ́n tó gbé ọ̀gá náà lọ sí ilé-ìwé mìíràn.

"Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ju Ọ̀gá lọ," ó ní. "Orin tí o gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní Òrò, tirẹ̀ ni."

Mo mọ̀ pé bàbá mi ń fọn sàsófóònù ìjọ nígbà kan. Mi ò mọ̀ pé ọdún tí mo fi wà ní Òwu-Ìsin, tí wọ́n ń sọ fún mi pé bàbá mi ti gba kámú, ohun tó ń ṣe nìyẹn. Mo sunkún níbẹ̀, Ọ̀jẹ̀túndé sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nu ojú mi.

"Padà wọlé, kó o fọn ọ́n fún un," mo ní.

"Rárá. Ohun tí àgbàlagbà ń ṣe nígbà tó rò pé òun nìkan ló wà, a kì í gbé e kò ó lójú. Bí mo bá fi gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, olè ni mí."

Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Àmọ̀pé, ìyá Ọ̀jẹ̀túndé, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní ìwọ̀sí náà tó, pé ilé Ọlọ́jẹ̀ kì í tọrọ obìnrin lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí Ọláwùnmí ní tirẹ̀ ti rí ọkùnrin kan nínú ìjọ, ó ní tí ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, wọ́n á wá tọrọ mi. Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, ilé ọkọ tí mi ò fẹ́ ni màá bá ara mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí Ọ̀jẹ̀túndé lórí Wọ́sáàpù: "Bí o bá fi ohun ìní bàbá mi pamọ́ fún un títí ó fi kú, ìyẹn gan-an ni olè."

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dé. Bàbá mi rí i, ojú rẹ̀ le.

"Mo rò pé a ti parí ọ̀rọ̀ yẹn."

Ọ̀jẹ̀túndé dọ̀bálẹ̀, kò dìde. "Sà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó ni mo bá wá. Mo jí nǹkan yín nígbà tí mo wà ní kékeré ní Èsìé. Mo wá dá a padà ni."

"Kí lo jí?"

Ó dìde sórí eékún, ó yọ hàmóníkà lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Orin náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi kọ́kọ́ fajú ro. Lẹ́yìn náà, ó di apá àga rẹ̀ mú. Nígbà tí orin náà gòkè dé ibì kan, Ọ̀jẹ̀túndé dákẹ́ lójijì, ó dákẹ́ pẹ́, kó tó tún máa bá a lọ. Ó fà á títí ó fi parí.

"Kí ló dé tí o fi ń dákẹ́ láàárín?" ni bàbá mi bi í.

"Ibẹ̀ ni ẹ máa ń dákẹ́ sí, sà. Irin yìí kò ní kí n dákẹ́, bí mo bá ń mí sínú gan-an ó ń ké. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń fọn ọ́n ni mo ṣe kọ́ ọ."

"Kì í ṣe ara orin, ọmọ mi. Ẹkún ni. Bí mo bá ti dé ibẹ̀, Rúùtù á wá sí mi lọ́kàn, ọ̀fun mi á dí. Mo máa ń dúró kó kọjá ni."

"Mi ò mọ̀, sà. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń fọn ọ́n nìyẹn."

Bàbá mi wò ó, ó wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lójú wa. "Ó kọ́ ẹkún mi mọ́ orin!" ó ń wí. "Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ yìí kọ́ ẹkún mi mọ́ orin!" Mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbá a mú. Ló bá ń sọ fún mi bí ìyá mi ṣe máa ń jó nídìí ààrò nígbàkúùgbà tí òun bá ń fọn sàsófóònù, tí dòdò á sì jóná. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Nígbà tó nu ojú tán, ó tún di ọ̀gá ilé-ìwé.

"Orin nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yàtọ̀. Ṣé wàá fi eégún sílẹ̀?"

Mo gbójú sókè wo Ọ̀jẹ̀túndé.

"Rárá, sà," ni Ọ̀jẹ̀túndé wí. "Mi ò lè purọ́ fún yín, ilé bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní fa Fẹ́yìsayọ̀ kúrò nínú ìjọ. Èmi fúnra mi ni màá máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ìwọ á wá dúró sí ibo?"

"Ìta náà ni, sà. Ó ti mọ́ mi lára."

"Àna mi kankan kò ní jókòó síta," ni bàbá mi wí. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́?"

"Òun ni mo fẹ́, Bàbá. Ní ti eégún, láti kékeré ni mo ti ń sá fún un, ẹsẹ̀ mi ṣì le."

Ọ̀jẹ̀túndé ní ó ku ti ìyá òun, tó ní àwọn kì í tọrọ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun fúnra òun ni yóò lọ bẹ̀ ẹ́ ní Èsìé lọ́la. Mi ò rí bàbá ìyàwó tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé fóònù, ó pe àǹtí mi tó ti jáde lọ sí ìpàdé, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ọláwùnmí, bí Ọlọ́run bá fẹ́, àwọn ará Èsìé ń bọ̀ wá tọrọ Fẹ́yìsayọ̀ ní Sátidé."

"Èsìé kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe ọmọ eégún yẹn?"

"Òun ni. Ọdún tí gbogbo yín ní kí n gbàgbé Rúùtù, ọmọ yẹn nìkan ló bá mi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀."

Mo di ọwọ́ Ọ̀jẹ̀túndé mú.

Nígbà tó yá, a gbọ́ tí àǹtí mi fọn imú.

"Àwọn mélòó ló ń bọ̀?" ó ní. "Kí n lè mọ iye iṣu tí a máa gún."