Ta Ni Ẹ̀gbọ́n?

Ẹ má rò pé àlá ni mo ń rọ́. Ó ṣojú mi kòrókòró, ní ọ̀sán gangan, nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Aránṣọ ni mí. Ọ̀rẹ́ mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Aago, ń tún aago ṣe. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń lò, aṣọ ìkélé ló là á láàárín. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, kò sẹ́ni tó mọ oṣù. Ogún ọdún la fi jà lórí ta ni ẹ̀gbọ́n. Níkẹyìn, a ní kí ayò ṣẹ́ẹ̀sì parí ìjà: ẹni tó bá kọ́kọ́ pa èkejì nígbà àádọ́ta ni ẹ̀gbọ́n títí ayé. Ẹni tí wọ́n bá pa ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ọmọ ayò rẹ̀ tó ń jẹ́ ọba sílẹ̀.

Oníkálukú ti pa mọ́kàndínláàádọ́ta. Nínú ayò tó kẹ́yìn, tí ọmọ ayò dúdú jẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ Baba Aago wà lórí èyí tó dà bí ẹṣin nígbà tó di àyà mú, tó sì ṣubú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lajú, kò sọ̀rọ̀.

N ò tú pátákó ayò náà ká. N ò lè ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Gbogbo aago ara ògiri rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ká aṣọ ìkélé. Ẹṣin dúdú ti sún.

"Baba Aago?"

Ẹṣin náà kọ ẹ̀yìn sí mi. Òun nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹṣin òun kì í wo ojú òpè.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo ta tèmi. Aago tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ la fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo rí i pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré kí n pa á. Bí ayò yìí bá parí, tí òun náà bá bá a parí ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju orúkọ ẹ̀gbọ́n lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé ayaba mi síbi tí kò wúlò, mo yíjú.

Nígbà tí mo padà wò, ayaba ti wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo tún gbé e. Ó tún dá a padà. Baba Aago kò gba àánú ẹnikẹ́ni rí.

"Ó dáa," mo ní, omi ń bọ́ lójú mi. "Má sọ pé mo rẹ́ ọ jẹ o."

Mo pa á.

Aago ò bẹ̀rẹ̀. Fóònù mi ló dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí n tó gbé e.

"Ó ti lajú," ló wí. "Ó ti sọ̀rọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé mi. Ó ní kí n bá òun kí ẹ̀gbọ́n òun. Àkọ́bí sì ni, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n wo?"

Mo wo pátákó. Ọba dúdú ti dùbúlẹ̀. N ò fọwọ́ kàn án. Gbogbo aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Títí dòní, ẹ̀gbọ́n ni Baba Aago ń pè mí. Kò sì tíì bi mí rí bí ayò yẹn ṣe parí.