Bọ́ílà Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Jí

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ súnmọ́ mi, kí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bá wa ti ilẹ̀kùn. Ìtàn òtútù ni mo gbé wá fún yín lónìí, ìtàn ọmọbìnrin kan àti ìyá ìyá rẹ̀ ní Peckham, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ kò bá rántí ìyá àgbà tiyín, a jẹ́ pé n kò mọ ìtàn sọ.

Àìṣát ni ọmọbìnrin náà ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ a máa kọsẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní mọ́sáláṣí a sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Ni ó bá kúkú ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Òpin ìgbà òjò ni Ìyá Àgbà dé láti Òkèhò, pé òun yóò bá wọn gbé títí oòrùn yóò fi tún ràn. Láti ọjọ́ náà ni ilé ti ń run òrí àti ata gígún. Ìyá Àgbà a máa sọ bí wọ́n ṣe ń yáná nínú ọyẹ́ ní Òkèhò, bí àwọn ọmọ ṣe ń yí iná ká bí òròmọdìyẹ, tí iṣu sísun ń ta sánsán. Àìṣát kò rí Òkèhò rí, síbẹ̀ àárò ibẹ̀ ń sọ ọ́.

Nígbà tí ọdún yí, òtútù dé, kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, gbogbo rédíétọ̀ inú ilé, àwọn irin ara ògiri tí omi gbígbóná láti inú bọ́ílà ń mú gbóná, tutù rinrin bí omi àmù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọn kò gbóná. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àmínát, ìyá Àìṣát, ń wọ bàtà láti lọ sí ibi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní New Cross. Ó ní òun ti pe ẹni tó ń tún bọ́ílà ṣe, ọjọ́ Ajé ni yóò wá, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àìṣát, tí Grandma bá ń wúkọ́ báyìí títí Monday, màá dá wọn padà sílé. Mi ò lè fi òtútù pa ìyá mi.”

Ọ̀rọ̀ náà gún ọmọ náà lọ́kàn. Bí Ìyá Àgbà bá lọ, ta ni yóò tún máa fi oríkì rẹ̀, Àníkẹ́, pè é?

Kò pẹ́ tí Malachi, ọmọ ilé kejì, yọjú, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun ti rí fídíò bí wọ́n ṣe ń tún bọ́ílà ṣe. Wọ́n yẹ ẹ́ wò. Iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn. Omi gbígbóná ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, èyí tó fi hàn pé gáàsì ń wọlé. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí omi ṣe pọ̀ tó wà ní àyè rẹ̀. Ó wá ku ẹ̀rọ funfun kékeré tó ń wọn ooru inú ilé, òun ló ń sọ fún bọ́ílà pé ó yá, jí, tàbí pé ó tó, sùn. Orí pẹpẹ pálọ̀ ni ó máa ń wà. Pẹpẹ náà ṣófo.

“Mum á ti gbé e síbì kan,” ni Àìṣát fi Gẹ̀ẹ́sì wí.

Ògiri kan péré ló wà láàárín òun àti Ìyá Àgbà. Ìbéèrè kan ni ì bá bi í. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í kí Malachi gbọ́ Yorùbá ẹnu rẹ̀, ó sì rò ó pé kí ni ará Òkèhò mọ̀ nípa bọ́ílà.

“O ń bẹ̀rù bí ọmọ Year Seven,” ni Malachi fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Ṣí i jàre, inú ẹ̀ ni wàhálà wà.”

Wọ́n ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àìṣát kò fẹ̀sọ̀ mú un. Ó tú èèpo iwájú bọ́ílà, ó ń fi irin tó fi tú u yẹ ibí wò, ó ń fi yẹ ọ̀hún wò. Irin yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá ohun kékeré tó ń ṣáná, ìyẹn sì dún kẹ́, ó ṣẹ́. Iná aláwọ̀ ewé kú. Omi gbígbóná náà dáwọ́ dúró. Malachi rántí lójijì pé ìyá òun ń dúró de òun. Ẹni tó ń tì wá sódò kì í bá wa sá aṣọ.

Àìṣát wọ yàrá pẹ̀lú omijé. Gẹ̀ẹ́sì kankan kò lè gbé ẹrù tó wà lọ́kàn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà.

“Grandma, mo ti ba bọ́ílà jẹ́. Mo fẹ́ tún un ṣe. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ.” Ó nu imú. “Nǹkan funfun, kékeré, tó wà ní pálọ̀… ẹ rí i?”

Ìyá Àgbà ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fa ìborùn rẹ̀ jáde láyà, ó tú u. Ẹ̀rọ náà rèé, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

“Ṣé eléyìí, Àníkẹ́? Ìwọ lo ní òun ló ń mú ilé gbóná. Nílé wa, bí ọyẹ́ bá mú, àgbà ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀yinná fún. Mo ní kí n gbé e mọ́ra, kí ó má kú.”

Òótọ́ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí Àìṣát ń kánjú lọ sílé ìwé, Ìyá Àgbà bi í pé níbo ni iná ilé yìí wà, ọmọ náà sì nàka sí ẹ̀rọ náà láìdúró ṣàlàyé. Ẹ̀rọ ti wà lábẹ́ aṣọ, ooru ara Ìyá Àgbà ló ń wọ̀n, ó rò pé ilé ti gbóná, ó ní kí bọ́ílà máa sùn lọ. Ohunkóhun kò ṣe bọ́ílà, àfi ìgbà tí ọwọ́ Àìṣát wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí Àmínát dé, Ìyá Àgbà ti la ẹnu láti gba ẹ̀bi rù. Àìṣát ṣáájú rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ kì í mú ilé gbóná. Ní ọjọ́ Ajé, ẹni tó wá tún bọ́ílà ṣe ní àrọ́pò ohun tó ṣẹ́ yẹn, ọ̀nà jíjìn ni yóò ti wá, kí wọ́n mú sùúrù. Ikọ́ kò ní sùúrù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti mú Ìyá Àgbà lọ sí pápákọ̀ òfuurufú kí ó lè padà sí Òkèhò.

“Yorùbá tí o sọ lọ́jọ́ náà wọ́ díẹ̀,” ni ó wí fún Àìṣát, “ṣùgbọ́n ó dé etí mi. Máa bá mi sọ ọ́.”

Nísinsìnyí, rédíétọ̀ ti ń gbóná, ilé kò sì run òrí mọ́. Ní gbogbo Sátidé, Àìṣát a pe Òkèhò lórí fóònù, a máa béèrè, a máa kọsẹ̀, a tún máa béèrè.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ẹ tó tú ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó wà nílé, bí ó ti wù kí ẹnu yín wọ́ tó. Ìtìjú ìbéèrè kì í pẹ́ tán, ẹ̀dùn àìbéèrè ló ń báni kalẹ́.

Adébánjí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó lọ tún bọ́ílà náà ṣe, ló sọ ìtàn yìí fún mi. Àìṣát fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un, ní Yorùbá, bó ṣe ń bá a di iná tọ́ọ̀ṣì mú.