Iná Tí Oyin Kò Rí

Ọkùnrin náà yọ láti inú igbó tòun ti eré àsápajúdé, ó fi ẹ̀wù borí, ó gbá kámẹ́rà ńlá kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, oyin sì ṣù bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyádùnní ń bọ̀ láti oko lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, ó ru iṣu. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ké pé, "Odò ni kẹ́ ẹ wọ̀! Odò! Ẹ má sá wá sọ́dọ̀ mi!"

Ṣé ọkùnrin náà gbọ́? Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ló sá wá. Bí oyin ṣe ta ọmọ ọlọ́mọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nìyẹn, tí àwọn méjèèjì jọ bá ara wọn létí odò, tí wọ́n ń fi ewé gbọn ara.

"Kámẹ́rà yìí ò gbọdọ̀ kan omi," ọkùnrin náà wí. Ètè rẹ̀ ti wú.

"Ètè yín ńkọ́? Ṣé òun lè kan omi?"

Fúnminíyì lorúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí Ìlá, olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga kan n'Ìbàdàn. Ọdún 1997 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó gba ìsinmi wálé kó lè ya bí oyin ṣe ń ju ìyẹ́. Kámẹ́rà tó yá wá yìí ń ya àwòrán lé àwòrán kí ojú tó ṣẹ́, èèyàn á wá máa wò ó padà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wo ìgbín. Wàhálà rẹ̀ ni pé ojú kámẹ́rà kì í pẹ́ là rárá lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí iná ò bá pọ̀ rẹpẹtẹ, òkùnkùn biribiri lèèyàn máa bá níbẹ̀. Fúnminíyì wá gbé jẹnẹrétọ̀ wọgbó, ó tan gílóòbù ńlá méjì, irú èyí tí àwọn tó ń ya sinimá ń lò, ó sì dojú wọn kọ ìkòkò oyin kan tó wà lórí igi. Ìda inú ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Oyin wo ló máa jókòó kí wọ́n máa dín in?

"Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan ìkòkò yẹn?" Ìyádùnní bi í.

"Mo rò pé ti igbó ni."

"Ìkòkò ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun igi?"

Ọmọ Ìlá kan ò gbọdọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tó bá wà lórí igi ní ẹni tó ni ín. Bàbá Ìyádùnní, Ọláyọdé, ló ni eléyìí, bàbá náà kì í sì í fi oyin rẹ̀ ṣeré. Ìyádùnní sọ fún Fúnminíyì pé kó lọ wá àgbàlagbà kan tó máa bá a wá bẹ bàbá òun, nítorí ọmọdé kì í dá lọ bẹ àgbà.

Ó mú àbúrò bàbá rẹ̀ lọ, Ọláwuyì, ẹni tó wọ̀ sílé rẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ọláyọdé na ọwọ́ sí ètè Fúnminíyì, ó ní, "Oyin ti gba ẹ̀san tiwọn. Máa ya fọ́tò rẹ. Ṣùgbọ́n iná gbígbóná kankan ò gbọdọ̀ dé ìtòsí wọn mọ́."

Báwo ni èèyàn ṣe máa rí iná tó mọ́lẹ̀ gan-an tí kò gbóná? Fúnminíyì ò sùn dáadáa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyádùnní, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, ló kọ́kọ́ sọ pé oyin kì í rí àwọ̀ pupa, pé bí òkùnkùn ló ṣe ń rí lójú wọn. Fúnminíyì bá fò dìde.

"Àwọn iná pupa wínníwínní ojú rédíò! LED! Wọn kì í gbóná. Bí mo bá to ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀, tí mo jẹ́ kí wọ́n máa ṣẹ́jú pọ̀ mọ́ kámẹ́rà, mo lè fún wọn ní agbára ju èyí tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́ lọ. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ó pọ̀ jù, wọ́n á ti kú padà. Bátìrì mọ́tò á sì gbé e!"

"Ẹ jókòó. Ẹ ti da tíì nù."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọláwuyì. Lójoojúmọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, Ìyádùnní á dé, wọ́n á máa fi òjé yíyọ́ lẹ àwọn iná náà mọ́ pátákó. Ẹsẹ̀ méjì ni iná kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Bí ẹ bá yí ẹyọ kan ṣoṣo sódì, gbogbo ìlà yẹn ò ní tàn. Ojoojúmọ́ ni Fúnminíyì ń yí wọn sódì.

"Oníná," Ìyádùnní á ní, "kí lẹ ń wò?"

"Iná ni mò ń wò."

"Ojú mi ni iná náà wà?"

Fúnminíyì á fi ojú bolẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí lèèyàn máa ṣe fún irú ọkùnrin báyìí? Ó fẹ́ràn ọmọ yìí débi pé bí ó bá pẹ́ dé, kò ní lè jẹun. Ìyádùnní náà ń wọ ẹ̀wù ọjọ́ ìsinmi wá lẹ iná láàárín ọ̀sẹ̀. Ta ló ń tan ara rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà sú Ọláwuyì. Lọ́jọ́ tí Fúnminíyì wo Ìyádùnní títí tí irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé fi jó tábìlì, bàbá yìí wọ agbádá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó gba ilé Ọláyọdé lọ, ó sì tọrọ Ìyádùnní fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú Ọláyọdé dùn. Wọ́n dá ọjọ́ tí àwọn ẹbí máa wá mọra wọn.

Bí Ìyádùnní ṣe gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló gbà lọ tààrà.

"Ẹ̀yin lẹ rán wọn?"

"Èmi kọ́ o! Mi ò rán wọn!"

"Ẹ ò fẹ́ mi nìyẹn?"

Fúnminíyì la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ nípa iná láti àárọ̀ dalẹ́! Ìyádùnní dúró títí, omi lé ròrò sí i lójú.

"Wọ́n ti tọrọ mi, wọ́n ti gbà fún wọn, wọ́n ti dájọ́," ó ní. "Gbogbo ayé ló ti sọ̀rọ̀ lórí mi àfi ẹni tó yẹ kó sọ ọ́. Mi ò ní fẹ́ ọkọ tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń bá a sọ̀rọ̀."

Ó lọ, kò sì padà wá mọ́. Fúnminíyì nìkan ló parí pátákó iná. Ìsinmi rẹ̀ sì ti ń tán lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé. Ọláwuyì kó ẹbí dé ilé Ọláyọdé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àlàyé ni Fúnminíyì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sáàárín ilé.

"Ẹ forí jì mí, sà. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi wá sọ nínú ilé yìí, ẹ bá mi fi sílẹ̀. Èmi kọ́ ni mo rán wọn."

Ọláyọdé dìde. "Ọmọ mi lò ń kọ̀ lójú mi?"

"Rárá, sà! N kò tíì bi í ni. Ó sì yẹ kí n bi í. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ gbà mí o!" Ọláwuyì fọwọ́ lérí. "Ẹ̀rù kí ni? Ṣebí ojoojúmọ́ ni obìnrin náà ń wá tẹ́lẹ̀!"

Ìyádùnní tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni. "Bàbá mi, mo ń lọ wo ìkòkò lóko," ó ní, ó sì jáde.

Ẹbí ń wo Fúnminíyì, Fúnminíyì ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọláyọdé ló kígbe mọ́ ọn, "Àbí kí n bá ọ sáré ẹ̀ náà ni?"

Ó bá a nínú ahéré tó fi ewé dí fún iṣẹ́ náà lẹ́bàá ìkòkò. Ìyádùnní ti jókòó síwájú kámẹ́rà. Fúnminíyì so wáyà mọ́ bátìrì, iná pupa náà tàn, ahéré sì pọ́n. Àwọn oyin ń wọlé, wọ́n ń jáde, ọ̀kankan kò yíjú wò wọ́n. Ó ya wọ́n, ó sì ṣí i padà fún un lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tó so mọ́ kámẹ́rà.

Ìyẹ́ oyin là jẹ́jẹ́, ó tẹ̀ díẹ̀ létí, ó yí padà, ó tún gbéra.

"Yéè," Ìyádùnní wí. "Ó rẹwà."

"Ṣéwàáfẹ́miÌyádùnnímofẹ́rànrẹgan-anni."

Ó yíjú sí i. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní... ṣé wàá..."

"Ó yá jù. Ẹ ń fi oyin hàn jẹ́jẹ́, ẹ wá ń sáré fún èmi. Ẹ tún un sọ."

Fúnminíyì mí kanlẹ̀. Ó fi kámẹ́rà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyádùnní. Mo fẹ́ràn rẹ. Láti etí odò ni. Mo fẹ́ máa bá ọ gbé títí tí a fi máa darúgbó. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ó tó gẹ́ẹ́." Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo gbà. Mo ti gbà tipẹ́, ìwọ lo ò bi mí."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é ní ìwọ. Fúnminíyì gbọ́ ọ, ó sì tẹ ọwọ́ Ìyádùnní mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ẹbí ò tíì túká, wọ́n ti ń jẹun. Ìyádùnní kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun máa fẹ́ Fúnminíyì. Ọláwuyì gbé iṣu sílẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn," ó ní, "kí wá ni mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí?"