Ìwé Tí Kì Í Ṣe Tíkẹ́ẹ̀tì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, Adébùnmí, aránṣọ tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ní Fẹ́síták, ń wọn báàgì ọmọ rẹ̀ fún ìgbà kẹrin. Kílò mẹ́tàlélógún ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí gààrí tó dì sínú rẹ̀ da ọmọ náà dúró.

"Mọ́mì, ó ti pé. Ẹ fi sílẹ̀," ni Tẹjúmádé wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Aago méjì ọ̀sán ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ yóò gbéra.

Bí wọ́n ṣe wọ́ báàgì náà dé ẹnu ọ̀nà ni Àǹtí Gbémi, ará ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwọn, yọ jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Mọ́mì Tẹjú. Ṣé ìrìn àjò wà ni?"

"Rárá o. Yúnífọ́ọ̀mù tí mo rán fún ilé ìwé kan ní Ṣágámù ni. Tẹjú ló fẹ́ bá mi gbé e dé gáréèjì."

Ojú ti Tẹjúmádé, ó sì tẹrí ba. Àǹtí Gbémi kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló kọ́ ọ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọdún mọ́kànlá gbáko ló sì fi ta tíkẹ́ẹ̀tì ní kàǹtà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Adébùnmí ní òfin kan, òfin ọ̀hún sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa: ẹni tó bá ń lọ sí òkè òkun kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ayé le, ó máa ń wí, a kì í mọ ẹni tó ń dáni lóró.

Ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ tóbi lóòótọ́. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, abẹ́rẹ́ àti òwú ni Adébùnmí fi rán ọmọ yìí níwèé títí tó fi gboyè nínú ìmọ̀ oúnjẹ. Ilé ìwádìí kan ní ìlú Hamburg, ní Jámánì, gbà á fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Ẹni mẹ́fà péré ni wọ́n mú. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹni tí kò bá dé lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè rẹ̀.

Bọ̀dá Henry ló bá wọn ṣètò ọkọ̀ òfurufú. Ó wà lára àwọn tó ń gba àlejò ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Apple Junction, níbi tó ti ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò. Nígbà tí wọ́n ń wá físà, àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n mú ìwé tó fi ọjọ́ ìrìn àjò hàn wá. Henry tẹ ọ̀kan jáde fún wọn: orúkọ, ọjọ́, wákàtí, gbogbo rẹ̀ pé. Nígbà tí físà jáde, Adébùnmí kó owó tíkẹ́ẹ̀tì fún un lódindi, ó sì béèrè ìwé tuntun.

"Mọ́mì, ti tẹ́lẹ̀ yẹn náà ni. Mo kàn máa mú un ṣiṣẹ́ láti ẹ̀yìn ni," ni Henry dá a lóhùn. "Sìsítà Tẹjú, má lọ máa yẹ̀ ẹ́ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì o. Tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò jù, ó máa káńsù ara ẹ̀."

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà á bú sẹ́rìn-ín. Adébùnmí ò mọ̀ ọ́n, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó fi òróró àdúrà kan ìwé náà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ́ ẹ sínú Bíbélì. Tẹjúmádé ní kí òun fi han Àǹtí Gbémi, pé ìṣẹ́jú kan ni.

"Kó lè ṣe kí ni? Kó lè mọ ọjọ́ tó ò ń lọ?" ni ìyá rẹ̀ bi í. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ nígbà tó kàn wọ́n ní kàǹtà ní pápákọ̀ òfurufú. Ọ̀dọ́kùnrin tó dá wọn lóhùn ń jẹ́ Jùwọ́nlọ, orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì ọrùn rẹ̀. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó wo ìwé náà, ó tún un tẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?"

"Òun náà nìyẹn," ni Adébùnmí wí, ó nàka sí lẹ́tà mẹ́fà kan tó wà lókè ìwé náà.

"Rárá mà. Lẹ́tà mẹ́fà yìí kàn ń fi hàn pé ẹnì kan bá yín di ìjókòó mú ni. Tí wọn ò bá sanwó ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kọ̀ǹpútà á tú u sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì gan-an máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀, díjíìtì mẹ́tàlá. Kò sí nínú ìwé yìí rárá. Ìjókòó tí wọ́n dì mú yìí ti káńsù láti oṣù Keje."

"Báwo ló ṣe máa káńsù? A ti sanwó!"

"Mo gbọ́ mà. Owó náà ò dé ọ̀dọ̀ wa ni."

Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Adébùnmí pe Henry.

"Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀. Nẹ́tíwọọ̀kì wọn ni. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogójì. Nígbà tó tún pè é, ó ti pa fóònù. Obìnrin tí kì í gbà kí oníṣòwò aṣọ ní ọjà Balógun rẹ́ òun jẹ rìn padà lọ sí kàǹtà, ó sì kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí.

"Ẹ dìde, mà, ẹ jọ̀ọ́," ni Jùwọ́nlọ wí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Kò sí nǹkan tí mo lè tẹ̀ tó máa gbé ọmọ yín wọlé."

Ìgbà yẹn ni Adébùnmí tó pe Àǹtí Gbémi, ó sì ń sunkún bó ṣe ń ṣàlàyé. Gbémi ò bá a wí. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń wá ọ̀nà. Ìjókòó kan ṣẹ́ kù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n san fún Henry. Ti Sátidé àti Sọ́ńdè ti kún. Èyí tó kù gba orílẹ̀-èdè tó ń béèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, Tẹjúmádé ò sì ní in.

"Mọ́mì Tẹjú," ni Gbémi wí níkẹyìn, "ẹ mọ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò fi ìwé yẹn hàn mí?"

Kí ni Adébùnmí fẹ́ wí? Ṣé kó ní òun kà á mọ́ ọ̀tá ni?

Aago méjì kọjá. Wọ́n jókòó ti báàgì wọn, ọkọ̀ náà sì lọ.

Tẹjúmádé kọ̀wé sí Hamburg lọ́jọ́ náà gan-an. Èsì dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tutù, ó sì ní ọ̀wọ̀: ó dùn wọ́n, wọ́n ti pe ẹni tó tẹ̀ lé e. Kò lè gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí àwọn tí kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n gboyè nìkan ni ètò náà wà fún. Ó ka èsì náà fún ìyá rẹ̀, ó pa fóònù dé.

"Mọ́mì, nínú gbogbo Fẹ́síták yìí, ẹnì kan ṣoṣo lẹ sọ̀rọ̀ yìí fún," ló wí. "Bọ̀dá Henry."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọlọ́pàá rí Henry mú. Ó ní òun ń dúró kí owó tíkẹ́ẹ̀tì wálẹ̀ ni, ló bá ń lọ sókè, lòun bá fi owó náà ra ti oníbàárà mìíràn. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n yanjú rẹ̀ nínú ilé. Adébùnmí kọ̀, ẹjọ́ náà wà ní kóòtù títí di òní. Ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ tó lè dá àyè tó bọ́ yẹn padà fún ọmọ náà, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó yẹ kó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ìwé tí ẹ fi gba físà kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó, ẹ gba rìsíìtì àti nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì oní-díjíìtì mẹ́tàlá yẹn, kí ẹ sì fi yẹ tíkẹ́ẹ̀tì yín wò fúnra yín lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, tàbí kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Yíyẹ̀ ẹ́ wò kì í bà á jẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gba owó yín lọ́wọ́ rẹ̀. Àdúrà dára, ẹ máa gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ bá wà nítòsí, ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé, kí ẹ sì béèrè.