Àtàǹpàkò Lójú Dọ́là

Fóònù Lorraine Pohlman kọ̀ láti ṣí. Ó gbé àtàǹpàkò lé e lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi etí aṣọ nu ọwọ́, ó tún gbé e lé e. Fóònù náà kàn gbọ̀n, bí ẹni pé àjèjì ló dì í mú.

"Ken, wá bá mi wo nǹkan yìí. Ó ní òun ò mọ̀ mí mọ́."

"Bọ́tà ló wà lọ́wọ́ yín, Mọ́mì."

"Bọ́tà wo? Mi ò tíì jẹun."

Kendra fa awò kékeré tí ń mú nǹkan tóbi yọ nínú àpò. Kì í jáde láìmú un dání, kódà tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù táyà tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó gbé awò lé e. Àwọn ìka yòókù ní ìlà tiwọn wínníwínní. Àtàǹpàkò yẹn kò ní ìlà kankan. Ó dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ẹ̀yìn ṣíbí.

"Ó kúkú dáa," ni ìyá rẹ̀ wí. "Tí mo bá lọ ja báǹkì, wọn ò ní rí mi mú."

Kendra rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé awò náà kúrò lójú ìka yẹn. Ó ti rántí ohun tí àtàǹpàkò náà fara kàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Dọ́là fàdákà ayé àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n rọ ní Carson City, tí orí ìyáàfin kan wà lójú rẹ̀, tí ẹyẹ idì sì wà lẹ́yìn. Mẹ́tàlá ni gbogbo ọdún tí irú rẹ̀ ní. Walt, bàbá Kendra, ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá jọ kó tó kú, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ike tí wọ́n lẹ̀ pa, pẹ̀lú bébà tó sọ iye máàkì tó gbà nínú àádọ́rin. Méjìlá dára. Ti ọdún 1889 nìkan ló gbó kọjá ààlà. Òun ló sì ń fa àkójọ rẹ̀ sẹ́yìn lórí àtẹ ipò tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń ro máàkì gbogbo àwọn tó ń kó owó jọ pọ̀, tí wọ́n ń tò wọ́n láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn. Walt kú ní ipò kejì. Ọkùnrin kan ní Tulsa, Thurlow Beggs, ló wà lókè rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, kì í sì í dákẹ́. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ti àtẹ náà ní ìparí oṣù keje, yóò kọ̀wé ránṣẹ́: "Ọmọ Walt, ibi tí bàbá rẹ fi ọ́ sí náà lo ṣì wà."

Kendra ti fi inú rẹ̀ ṣèlérí. Lọ́dún yìí, orúkọ bàbá òun ni yóò wà lókè.

Ìdí nìyẹn tó fi ra 1889 míì ní ìparí oṣù kẹfà, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń pàtẹ owó ní Columbus. Ooru mú gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n bàbá tó tà á fún un fi síkáàfù bo ojú dé òkè imú. Máàkì márùn-dínláàádọ́ta ló wà lára ike náà, iye tí ó sì béèrè kò tó ìdajì ohun tí ẹlòmíràn máa gbà.

"Má yọ ọ́ nínú ike o, ọmọ mi," ni bàbá náà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ogún ọdún ni mo ti fi tì í mọ́bẹ̀."

Kendra rò pé àwàdà ni. Kò sí ẹni tó ń kó owó jọ tí kì í fọ́ ike. Ojú àwọn tó ń fún owó ní máàkì kò dọ́gba. Èyí tí ẹnì kan fún ní márùn-dínláàádọ́ta lónìí, ẹlòmíràn lè fún un ní àádọ́ta lọ́la. Bó ṣe délé, ó fi ẹmú fún ike náà. Ó ró kà, bí egungun adìyẹ. Ó gbé owó náà sórí táwẹ̀lì lórí tábìlì kíṣìnì, ó lọ mú àpò tí yóò fi fi í ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tún un wò. Nígbà tó padà dé, ìyá rẹ̀ ti mú un, ó ń fi àtàǹpàkò ra ojú ìyáàfin náà síwá sẹ́yìn.

"Mọ́mì! Etí rẹ̀ la ń dì mú! Ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀!"

"Ìwọ àti bàbá rẹ! Owó tí mi ò lè fi ra búrẹ́dì, mi ò tún gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣé kí n máa kí i ni?"

Owó náà padà dé pẹ̀lú máàkì mẹ́tàléláàádọ́ta. Kendra jó yí kíṣìnì ká. Ọjọ́ kejì ni fóònù kọ ìka ìyá rẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí irú ìyẹn ì bá fi owó náà sílẹ̀. Kendra tún fọ́ ike náà, kí máàkì rẹ̀ lè tún ga sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ ìka jẹ́ ti ìka, ọ̀rọ̀ owó jẹ́ ti owó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni owó náà fi wà ní ìhòòhò nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ kó tó ráyè lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, inú ìyá rẹ̀ dùn. Ìhunjọ iwájú orí rẹ̀ ti lọ. "Ìpara tuntun yẹn mà ṣiṣẹ́ o! Wọ́n máa tó bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí." Lọ́jọ́ kejì, irun òkè ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó ń bó àgbàdo, oòrùn sì ń bọ́ sí i lójú. Kendra kàn ń wò ó bó ṣe ń wo owó, nítorí ojú tó mọ́ ọn lára nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ gbó. Irun tó wà lókè etí gbó. Ibi tó yọ jù níta ló gbó jù. Ibi tí àwọn tó ń fún owó ní máàkì máa ń kọ́kọ́ wò gan-an nìyẹn.

Ó lọ sí yàrá, ó gbé awò lé dọ́là náà. Irun ìyáàfin náà ti yọ fọ́nrán fọ́nrán, èyí tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó rà á. Lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, àpá kékeré kan wà tó tẹ̀ bí èékánná. Kendra mọ àpá náà. Kẹ̀kẹ́ ló gbé ìyá rẹ̀ ṣubú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Ó pe nọ́ńbà bàbá tó ta dọ́là náà fún un, èyí tó wà lára rìsíìtì.

"Ta ló fọwọ́ kan ojú rẹ̀?" Bàbá náà kò tiẹ̀ kí i.

"Ìyá mi ni, sà."

"Dá a padà sínú ike. Kì í mu èèyàn nínú ike."

"Báwo ni mo ṣe máa gba ojú wọn padà?"

"Ẹni tó fẹ́ràn ẹni tí owó náà mu ní láti fi àtàǹpàkò tirẹ̀ ra ojú owó náà, títí ojú yẹn fi máa kúrò níbẹ̀. Mo bẹ ìyàwó mi kó bá mi ṣe é. Ó kọ̀. Mi ò bá a wí."

"Kí ló dé tí wọ́n fi kọ̀?"

Ó ti pa fóònù.

Kendra jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, owó lọ́wọ́ kan, awò lọ́wọ́ kejì. Tó bá fi ọwọ́ ra á, máàkì rẹ̀ parí. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí wọ́n ti àtẹ náà. Máàkì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni yóò gbé Walt kọjá Thurlow. Bí owó yìí sì ṣe rí báyìí, yóò gbà á. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́jọ péré ni, pé wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa sínú ike tuntun, kò sì ní mu ẹnikẹ́ni mọ́. Tó bá ti dé, òun á ṣe é.

Ó fi í ránṣẹ́.

Kò rántí ọjọ́ mẹ́rin tí yóò fi wà lọ́nà láìní ike.

Lọ́jọ́ kẹrin náà, Lorraine gbé ife kọfí sẹ́nu, kọfí sì dà sí i láyà. Kò sí ibi tí yóò gbà wọlé. Ètè rẹ̀ ti di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ihò rẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Dókítà wò ó, ó ní òun kò rí àìsàn, ó sì ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni Kendra fi ń fún un ní omi ọbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò lè bá a ṣàwàdà mọ́. Ó kàn ń fi ojú tẹ̀ lé e káàkiri ilé.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn oṣù keje, máàkì jáde: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Àkójọ Walt Pohlman bọ́ sí ipò kìn-ín-ní. Thurlow kọ̀wé: "Ọmọ Walt, o gbà á lọ́wọ́ mi. Kí lo fi ra irú owó bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni owó náà padà dé. Ó jókòó dojú kọ ìyá rẹ̀ ní tábìlì kíṣìnì, ó fi ẹmú fún ike náà, ó gbé dọ́là náà sí àtẹ́lẹwọ́. Láti kékeré tí Walt ti ń kọ́ ọ, kò tíì fọwọ́ kan ojú owó kankan rí. Ó gbé àtàǹpàkò lé e. Ó gbóná. Ó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra á. Ó ra àgbọ̀n, ó ra etí, ó ra ẹnu. Ojú òun fúnra rẹ̀ kú tipiri, bí ìgbà tí oníṣègùn eyín bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Kò dúró. Lódìkejì tábìlì, ó gbọ́ tí ẹnì kan fa èémí gùn, tẹnu-tẹnu. Ètè ìyá rẹ̀ là. Irun òkè ojú padà. Ìhunjọ iwájú orí yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pé. Àpá abẹ́ àgbọ̀n ló yọ kẹ́yìn.

Ayọ̀ gbé Kendra dìde. Ó fẹ́ pe Mọ́mì, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, ohùn náà kò rí ọ̀nà jáde. Ó wo dọ́là tó bọ́ sórí tábìlì. Ó ń dán bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n rọ ọ́, imú ìyáàfin tó wà lójú rẹ̀ sì ga díẹ̀ láàárín, bí imú Walt, bí èyí tí Kendra jogún.

Lorraine rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń wo ẹni tó dúró síwájú rẹ̀, ó di etí tábìlì mú, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó bá àlejò nínú ilé rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni ó wí, "ta lẹ̀ ń wá? Ọmọ mi ò sí nílé."