Ìrora Kò Ní Rìsíìtì

Tẹniọlá dúró níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí ti ń sọ̀rọ̀ ní kóòtù. Ó ti gbé Bíbélì sókè, ó ti búra, ó sì ti sọ pé òun lòun fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ ẹ̀rí òun sí, tó wà níwájú adájọ́. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ tó ni lọ́rì dìde, ó rọra tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe.

"Ọmọ mi, o sọ ọ́ sínú ìwé yìí pé láti ọjọ́ tí lọ́rì ti gun màmá rẹ lẹ́sẹ̀, kò lè dìde dúró rárá. Ṣé òótọ́ ni?"

Tẹniọlá wo ẹ̀yìn kóòtù. Màmá rẹ̀, Juliana, jókòó sínú kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n yá fún ọjọ́ náà, kò gbójú sókè. Bọ̀ọ̀dá Láníyọnu, ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀, mi orí sí i díẹ̀ pé kó gbà bẹ́ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Tẹniọlá dáhùn.

Aránṣọ ni Juliana ní àdúgbò Fate. Òun nìkan ló ń tọ́ Tẹniọlá láti ìgbà tí bàbá ọmọ náà ti kú. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó lọ ra iṣu ní ọjà Ipata, lọ́rì kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn láìsí ẹni tó dúró lẹ́yìn láti máa darí awakọ̀ sì gun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ náà kò ká mọ́, ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ sì ni. Ọ̀pá ló fi ń rìn káàkiri ilé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kọ̀ tí kò dá wọn lóhùn, wọ́n gba kóòtù lọ.

Lọ́yà Rodiyah, agbẹjọ́rò wọn, ti wá jókòó tì wọ́n nílé, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú fún wọn.

"Adájọ́ kì í kàn dárúkọ iye tó bá wù ú," ló wí. "Ó máa wo ohun tí ẹ ti ná sílé ìwòsàn. Ìyẹn, rìsíìtì ló máa sọ ọ́. Ó máa wo iṣẹ́ tí ẹ ò lè ṣe mọ́, àwọn oníbàárà yín á wá jẹ́rìí síyẹn. Ṣùgbọ́n ìrora kò ní rìsíìtì. Adájọ́ á gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń bá yín gbé, á wá fi òye díwọ̀n rẹ̀. Tẹniọlá, ẹnu rẹ la máa fi díwọ̀n o."

Bó ṣe jáde, Bọ̀ọ̀dá Láníyọnu ti ilẹ̀kùn.

"Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, kí ni wọ́n fẹ́ fún un? Sọ pé kò lè dìde."

"Bọ̀ọ̀dá, irọ́ nìyẹn."

"Ṣé irọ́ ni pé lọ́rì gùn ún? Ṣé o fẹ́ lọ yunifásítì àbí o ò fẹ́?"

Juliana ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló san owó iṣẹ́ abẹ kejì, nígbà tó sì gbóhùn sókè, Juliana panu mọ́. Tẹniọlá ro owó ìdánwò WAEC tí wọn kò tíì rí san. Nígbà tí Lọ́yà Rodiyah, tí kò bá Juliana rí bí kò ṣe lórí ìjókòó, padà wá kọ ẹ̀rí Tẹniọlá sílẹ̀, ọmọ náà ní màmá òun kò lè dìde.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Nísinsìnyí, ní kóòtù, agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà gbé fóònù kan sókè.

"Olúwa mi, fídíò kan rèé lójú Fesibúùkù ọmọ yìí fúnra rẹ̀."

Adájọ́ gbà kí wọ́n fi hàn. Ọjọ́ ìbí Tẹniọlá tó pé ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Juliana dúró tì í, ọ̀pá wà lábẹ́ apá rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń gé kéèkì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́yà Rodiyah yíjú wo Juliana nínú kẹ̀kẹ́ arọ, ó sì dọwọ́ bojú. Tẹniọlá kọjú sí adájọ́.

"Olúwa mi, mo purọ́," ló wí. Omijé dà lójú rẹ̀.

"Kí wá ni òótọ́?" Adájọ́ kò pariwo.

"Màmá mi lè dìde, sà. Tí wọ́n bá dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹsẹ̀ á wú. Lọ́jọ́ kejì fídíò yẹn, wọn ò lè fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Wọ́n máa ń lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọn ò ní ran nǹkan kan. Mo bá wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń sunkún, wọ́n ní àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà nílé."

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó dájọ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà jẹ̀bi. Gbogbo owó tó ní rìsíìtì, kí wọ́n san án. Owó iṣẹ́ tí aránṣọ náà pàdánù, kí wọ́n san án, nítorí àwọn oníbàárà mẹ́ta ti jẹ́rìí.

"Ní ti ìrora," ni adájọ́ wí, "mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ni wọ́n bèèrè. Mo gba ohun tí ọmọ náà sọ kẹ́yìn gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ló ti kọ́kọ́ purọ́ lábẹ́ ìbúra, n kò sì mọ bí màá ṣe gbára lé e tán. Mílíọ̀nù méjì ni mo fún wọn." Ó wo Tẹniọlá. "Ọjọ́ orí rẹ ló kó ọ yọ. Ẹlòmíràn á ti bá ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n."

Níta, Bọ̀ọ̀dá Láníyọnu kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú. Lọ́yà Rodiyah ló sọ̀rọ̀.

"Ẹsẹ̀ obìnrin kan tí kò burú tó tiyín, mo ti gba mílíọ̀nù márùn-ún lé e fún ìrora nìkan. Ọ̀pá ni obìnrin yẹn fi wọ kóòtù. Òótọ́ tiyín tó, ẹ ò nílò àfikún."

Tẹniọlá kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Dìde. Èmi àgbà tí mo gbọ́ tí mo dákẹ́ ńkọ́?" ni Juliana wí.

Tẹniọlá mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, kò sì gbàgbé: ẹni tó bá jàre, tó wá fi irọ́ kún àre rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń dín in kù.